Ẹ Jẹ́ Kí Ògiri Ṣẹ̀fẹ̀, Kí Ẹ Má Bú Ẹnikẹ́ni

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mò ń gbé, ní àdúgbò kékeré kan tí kò ju ilé mẹ́rìnlá lọ. Gọ́tà wa ti dí tipẹ́, bí òjò bá ti rọ̀, inú pálọ̀ ni omi ń wọ̀. A ti kọ lẹ́tà sí káńsù títí ó fi sú wa, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Àwa ọ̀dọ́ wá dá owó jọ. A fẹ́ ya àwòrán sára ògiri tó kọjú sí títì: Ẹ̀yọ̀ kan tó ń fi ọ̀pámbàtà na kánsẹ́lọ̀ wa, ká kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́. A fẹ́ kó pa èèyàn lẹ́rìn-ín, a sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ń ba àwọn àgbà. Irú ọ̀dà wo la máa rà, báwo la sì ṣe máa ṣe é tí kò fi ní di wàhálà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ìfaradà omi. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń fi kíkọ ara ògiri àti ẹ̀yìn dánfó jẹun ní Ṣómólú, iṣẹ́ sì ti gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún dáadáa, mo mọ irú gọ́tà tí ẹ ń sọ. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò ní dùn mọ́ yín: ẹ yọ orúkọ kánsẹ́lọ̀ kúrò, kí ẹ sì yọ Ẹ̀yọ̀ náà kúrò.

Bí ẹ bá kọ orúkọ èèyàn sábẹ́ àwòrán tí wọ́n ti ń nà án, ọ̀rọ̀ gọ́tà ti tán nìyẹn, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ bú. Ó lè pè yín lẹ́jọ́ pé ẹ ba òun lórúkọ jẹ́. Àwọn èèyàn rẹ̀ lè wá fi ọ̀dà dúdú pa á rẹ́ lóru. Omi á ṣì máa wọlé. Àwọn àgbà Kétu àti ilẹ̀ Yewa mọ iṣẹ́ yìí jù wá lọ: lálẹ́ ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹlẹ́fẹ̀ á máa fi orin bú ìwàkiwà láàárín ọjà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á jókòó síbẹ̀, á máa bá wọn rẹ́rìn-ín, torí bó bá dìde bínú, ara rẹ̀ ló tú fó. Ọba kì í pọ̀kọrin, lóòótọ́, àmọ́ ọ̀kọrin náà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ní ti Ẹ̀yọ̀, ẹ̀yin ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ló yẹ kí ẹ máa sọ èyí fún mi. Akẹtẹ̀ wo lẹ fẹ́ kùn lé e lórí? Ẹgbẹ́ Ẹ̀yọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ akẹtẹ̀ tirẹ̀: dúdú ti Adímú ni, pupa ti Lábà, yẹ́lò ti Oníkò, àwọ̀ ewé ti Ológèdè, elésè àlùkò ti Agẹ́rẹ́, àwọn ìgà tó kù, ìyẹn ilé àwọn olóyè Èkó, náà sì ní tiwọn. Kò sí èyí tí ẹ máa mú tí ẹnì kan ò ní béèrè pé ta ló rán yín. Bó bá jẹ́ dandan, ẹ kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà ìgà. Èmi ò ní bá yín dé ọ̀hún.

Kí wá ni kí ẹ yà? Rúlà ni.

Ẹ fa rúlà gbọọrọ kan láti ìsàlẹ̀ ògiri lọ sókè, bí èyí tí ọmọ iléèwé ń lò, yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú bíi ti dánfó. Ẹ má kọ nọ́ńbà sí i. Ara èèyàn ni kí ẹ fi dá a: kókósẹ̀, orúnkún, itan, ìbàdí, lókè pátápátá kí ẹ kọ “Ẹ gbé ọmọ lé èjìká.” Ẹ ya bàbá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ká ṣòkòtò, tó gbé bàtà dání, tó ń wo ọ̀kánkán bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan nínú yín fa ìlà funfun síbi tí omi dé gan-an, kó kọ ọjọ́ sí i. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sí irọ́ níbẹ̀, àní ẹni tó ń kọjá lọ á wo orúnkún ara rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ń wò ó. Bí ẹni tó wá láti káńsù bá dúró níwájú rẹ̀, òun náà á wọn ara rẹ̀.

Létí gọ́tà nísàlẹ̀, ẹ lè ya ẹja àrọ̀ kan tó wọ táì, tó jókòó sídìí tábìlì. Ẹni tó bá bínú sí ẹja, òun ló pe ara rẹ̀ lẹ́ja. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ya ìyẹn, ẹ wo inú gọ́tà náà fúnra yín. Bó bá jẹ́ náílọ́ọ̀nù piọ́ wọ́tà tiyín ló kún inú rẹ̀, ẹ ya ẹja kejì tó kọjú sí àdúgbò, náílọ́ọ̀nù lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ kọ “Ẹ ṣé fún oúnjẹ àná” sí i. Ẹ̀fẹ̀ tí kò kan ẹni tó ń ṣe é kì í pẹ́ lójú ọjà.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ. Ó ṣeé ṣe kí ògiri yẹn jẹ́ ti ilé ẹbí, bẹ́ẹ̀ ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Bùọ̀dá kan á ní kò burú, àǹtí kan ní Súrùlérè á gbọ́, á fi ọlọ́pàá ránṣẹ́. Ẹ bá olórí ẹbí sọ ọ́, ẹ ya àwòrán náà sórí bébà hàn án, kó fọwọ́ sí i, kí ẹnì kan tọ́jú bébà yẹn síbi iṣẹ́. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ máa kùn, kí àwọn ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ọmọkùnrin mẹ́ta tó dúró ti ògiri pẹ̀lú ike ọ̀dà láago méjì òru, kò sí ọlọ́pàá tó máa béèrè bóyá rúlà ni wọ́n ń yà. Ẹ má fọwọ́ kan ògiri iléèwé, òpó bíríìjì tàbí tiransifọ́mà. Bí oníṣọ́ọ̀bù kan bá ní òun á ra ọ̀dà bí ẹ bá kọ nọ́ńbà fóònù òun sí i, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kọ̀ ọ́. Bí nọ́ńbà oníṣòwò bá ti wọ̀ ọ́, ó ti di ìpolówó, LASAA, iléeṣẹ́ ìjọba tó wà fún pátákó àti ìpolówó, ló sì ń bójú tó ìyẹn ní ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 2006.

Ó kan ọ̀dà wàyí, ibẹ̀ lowó yín ti lè ṣòfò. Ògiri Ìsàlẹ̀ Èkó kì í gbẹ tán. Ilẹ̀ yín ò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ọ̀sà lọ, omi ń gba abẹ́ fà wọ inú búlọ́ọ̀kù, ó sì ń gbé iyọ̀ bọ̀. Òun ni nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun tí ẹ ń rí nísàlẹ̀ ògiri. Àwọn èèyàn fẹ́ràn gílọ́ọ̀sì torí pé ó ń dán. Ẹ kùn ún síbẹ̀, omi tó wà nínú ògiri ò ní ríbi gbà jáde, á máa tì í láti ẹ̀yìn, kò ní pẹ́ tó fi máa lé ròrò bí ara tí omi gbígbóná dà sí, ọmọdé á sì máa fi èékánná bó o. Ẹmọ́ṣọ̀n tí wọ́n fi omi pò ni kí ẹ rà, èyí tó wà fún ìta ilé. Bí ògiri náà bá gùn tó mítà 6, tó ga tó mítà 2, gálọ́ọ̀nù lítà 4 funfun kan á kùn ún lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ ò bá fi ṣòfò. Yẹ́lò lítà 2 àti dúdú lítà 1 ti tó. Kí ẹ tó kùn ún, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ògiri, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ da bílíìṣì díẹ̀ síbi tó ti hu ewédò, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ fi sílẹ̀ sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Bó bá ṣì ń fi ìyẹ̀fun sí yín lọ́wọ́, kò tíì yá. Oṣù kejì tàbí ìkẹta ló dáa jù láti ṣe é, kó ti gbẹ dénú kí òjò oṣù kẹrin tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan á dábàá pé kí ẹ kun títì náà. Ẹ má gbà. Ọ̀dà lórí títì máa ń yọ̀ bí omi bá kàn án, ọmọ tí wọ́n rán lọ ra búrẹ́dì ló máa fi ẹ̀yìn lélẹ̀.

Fún lẹ́tà, ẹ má fọwọ́ kọ ọ́ bí ọwọ́ yín ò bá dúró. Ẹ wá sí Ṣómólú lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ẹ ra pléètì tí wọ́n ti lò tán. Ó fẹ́lẹ́, bíléèdì á gé e, omi ò sì ní ba á jẹ́. Fíìmù ẹ́síréè àtijọ́ náà dáa. Ẹ gé lẹ́tà sí i kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ rántí pé ibi tó bá ní ihò, bí O àti A, ẹ gbọ́dọ̀ fi irin tín-ín-rín sílẹ̀ tó máa so àárín mọ́ ẹ̀gbẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àárín á já bọ́. Fóòmù tí ẹ ti fún ọ̀dà ara rẹ̀ dànù ni kí ẹ fi máa tẹ̀ ẹ́. Bó bá rin jù, ọ̀dà á ṣàn sábẹ́ pléètì, lẹ́tà á hu irùngbọ̀n.

Ẹ gé àmì orí àti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, mo bẹ̀ yín. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, wọ́n rán mi lọ kọ “Ẹ ṣọ́ra, ọkọ̀ ń bọ̀” sí kọ̀rọ̀ kan tí ọkọ̀ ti ń já lójijì. Mò ń kánjú, mi ò fi àmì kankan sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ìyá tó ń tajà níbẹ̀ ti ń kà á pé ọkọ ń bọ̀, bí ọkùnrin kan bá sì ti yọ, wọ́n á pariwo pé kí ìyàwó rẹ̀ ṣọ́ra. Ọ̀gá mi ní kí n padà lọ fi àmì sí i. Àwọn ìyá náà lé mi, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kó ọ̀dà funfun tó bá ṣẹ́ kù sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e fún ẹnì kan tí kì í rìnrìn àjò, torí ìlà òjò. Ìlà àkọ́kọ́ ò sì ní láti dúró de òjò. Bí ẹnì kan bá ń dín àkàrà níwájú ògiri yẹn, ẹ bi í pé ibo ni omi dé lọ́dún tó kọjá. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì dání, ọwọ́ ló máa fi nà án sí yín.