Ẹ Bi Wá: Èéfín Igi Nílé Yín àti Nílé Aládùúgbò

Ìbéèrè: Ààrò onírin tó ní ilẹ̀kùn la fi ń mú ilé gbóná. Páìpù rẹ̀ yọ sókè òrùlé, èéfín kì í sì í kún yàrá wa. Síbẹ̀, aládùúgbò wa ní iná wa ló ń gbé ikọ́ fée ọmọ òun dìde. Ṣé kì í ṣe àsọdùn?

Ìdáhùn: Kì í ṣe àsọdùn rárá. Èéfín tó ń ta ni lójú kọ́ ló burú jù. Àwọn ẹ̀rún inú rẹ̀ tí wọn ò tó máíkírómítà 2.5 ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí ẹ bá to bí ọgbọ̀n wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bóyá ni wọ́n á fi ju ìbú fọ́nrán irun orí kan lọ. Irun imú ò lè dá wọn dúró. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń bá lọ, òmíràn á sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ni kì í fi í mọ sórí ikọ́ fée nìkan, tó fi ń kan àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Láti 2021, òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ni pé kí ẹ̀rún yìí má ju máíkírógíráàmù 15 péré lọ nínú mítà oníhà mẹ́ta afẹ́fẹ́ láàárín wákàtí 24.

Páìpù yín ń gbé èéfín kúrò lọ́dọ̀ yín ni, kò pa á rẹ́. Lálẹ́ tí atẹ́gùn bá dákẹ́, tí ilẹ̀ sì tutù, afẹ́fẹ́ gbígbóná á dé tútù mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Èéfín ò ní rí ọ̀nà gòkè, ojú fèrèsé ará ilé kejì ló máa bà sí. Òun tí kò yáná ló wá ń ti fèrèsé, tó ń tún aṣọ fọ̀. (Ẹ̀yin náà ò sì yọ pátápátá: gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn ààrò ni díẹ̀ ń jáde.)

Bí ẹ bá ní ọ̀nà mìíràn tí ilé fi lè gbóná, tiwa ni pé kí ẹ fi igi sílẹ̀ de ọjọ́ tí iná mànàmáná bá lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má dáná lálẹ́ tí atẹ́gùn ò fẹ́.

Ìbéèrè: Ẹni tó ta igi fún wa ní ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó ń hó ṣìì nínú iná.

Ìdáhùn: Omi ló ń hó yẹn. Nínú igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé omi yìí lọ, torí náà kì í gbóná tó láti jó gáàsì inú igi tán. Gáàsì yẹn ló ń di èéfín, tó tún ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù bí ọ̀dà dúdú, tó sì lè gbiná lọ́jọ́ kan.

Ẹ la igi nígbà tó ṣì tútù, kí ẹ tò ó kúrò nílẹ̀, kí ẹ bo orí rẹ̀ nìkan. Ẹgbẹ́ rẹ̀ la ń ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ẹni tó bá fi ọ̀rá wé e yí ká ń tọ́jú omi ni. Igi líle lè gbà tó ọdún méjì. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú igi, kó má ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé ẹnu igi ni wọ́n ń kì í bọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu ló ń kọ́kọ́ gbẹ. Ẹ la igi náà sí méjì, kí ẹ ti ẹ̀rọ náà bọ àárín ojú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ, ẹ wọn ẹ̀là kan, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára, kí ẹ máa tún un wọ̀n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí kò fi ní fúyẹ́ mọ́.

Ìbéèrè: Ṣé a lè dáná pákó àlòkù tó ní ọ̀dà, ká sì sé ojú afẹ́fẹ́ ààrò kí iná lè pẹ́ di òwúrọ̀?

Ìdáhùn: Rárá, sí méjèèjì. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé, pákó tí wọ́n fi oògùn kòkòrò sí lè ní arsenic, tó jẹ́ májèlé, eérú rẹ̀ náà sì ní májèlé. Iná tí ẹ sé afẹ́fẹ́ mọ́ á máa rú èéfín ni, á sì máa tú carbon monoxide jáde. Gáàsì yìí ò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po igba àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń ké bó bá ti pọ̀ sínú yàrá tí ààrò wà.