Èsì: Quartet tí àwọn tó ń ṣẹ̀dá ọ̀pẹ́rà nílẹ̀ Ítálì kọ

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé lóòótọ́ ni Verdi, ará Ítálì tó ń ṣẹ̀dá ọ̀pẹ́rà (eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe), kọ quartet, ìyẹn orin fún fayolíìnì méjì, viola kan (ó tóbi ju fayolíìnì lọ díẹ̀) àti cello kan (ó tóbi ju viola lọ, ohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀), láìsí akọrin níbẹ̀. Òótọ́ ni, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì kọ.

Ìlú Naples ní Ítálì ló wà ní 1873, ó fẹ́ gbé ọ̀pẹ́rà rẹ̀ Aida sórí ìtàgé, àmọ́ àìsàn dá Teresa Stolz, obìnrin tó fẹ́ kọ ipa Aida, dúbúlẹ̀, gbogbo ètò bá dúró. Kàkà kí Verdi káwọ́ lẹ́rán, ó jókòó kọ quartet yìí. Ní April 1 ọdún náà, wọ́n ta orin náà sétí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì tó dé sí. Ẹ fetí sí apá kẹta dáadáa: orin á ti máa sáré kíkankíkan, àfi kí cello gbé ohùn sókè bí ọkùnrin tó ń kọrin ìfẹ́ lábẹ́ fèrèsé olólùfẹ́ rẹ̀, tí àwọn yòókù ń fi ìka ta okùn tẹ̀ lé e. Ọ̀pẹ́rà pọ́ńbélé ni!

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́kún ni Crisantemi, orin fún quartet tí Puccini, òun náà ará Ítálì tó ń ṣẹ̀dá ọ̀pẹ́rà, kọ ní 1890. Òdòdó tí àwọn ará Ítálì ń gbé lọ sí ibojì ló fi sọ ọ́. Òru ọjọ́ kan ló fi kọ ọ́ nígbà tí Amedeo, Duke ti Aosta, kú. Ó tún mú ohùn orin náà wọ ọ̀pẹ́rà rẹ̀ Manon Lescaut ní 1893, níbi tí Manon ti ń kú lọ.

Quartet ti Donizetti, ará Ítálì mìíràn tó ṣẹ̀dá ọ̀pẹ́rà, lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìgbà èwe ló kọ ọ̀pọ̀ wọn ní ìlú Bergamo. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, Verdi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́.