Èsì: Lexus NX 300h tàbí Mercedes GLK 350, èwo ni yóò jìnnà jù?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní nígbà tí táńkì GLK 350 tóbi ju ti NX 300h, ṣé òun kọ́ ni yóò jìnnà jù láti Adó-Èkìtì sí Èkó? Rárá o. Lóòótọ́, GLK gba bíi lítà 66, NX gba 56. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò ìjọba Amẹ́ríkà, GLK ọdún 2013 ń rin bíi kìlómítà 9 lórí lítà kan, NX, tó jẹ́ hybrid (ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀), ń rin bíi 13. Ẹ ṣírò rẹ̀: GLK kò ní pé 600 kìlómítà, NX á lé ní 700. GLK tún ń béèrè epo octane gíga, èyí tí kì í tètè gbiná fúnra rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Epo lásán tó NX.

Ní òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ́ńjìnnì V6 (onísílíńdà mẹ́fà) lítà 3.5 ti GLK máa ń gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì NX á pariwo díẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ oníná inú NX á sọ agbára tó yẹ kó ṣòfò tẹ́ ẹ bá ń tẹ bíréèkì di iná fún bátìrì. Ní GLK, ooru bíréèkì lásán ló ń dà. Nínú gosíló Fájuyì ní Adó náà, ẹ́ńjìnnì NX á kú fúnra rẹ̀ kó má baà jẹ epo.

NX ni mo fara mọ́ fún yín. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ hybrid dáadáa yẹ bátìrì ńlá wò, kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹrù kò dí ihò atẹ́gùn rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn.