Ẹ Bi Wá, A ó Dáhùn: Kí ni "derailment"?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Tí jàǹbá rélùwéè bá ti ṣẹlẹ̀, "derailment" ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníròyìn. Ṣé gbogbo jàǹbá rélùwéè ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ibo lọ̀rọ̀ náà ti wá? Rélùwéè ò dé ọ̀dọ̀ wa níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé. (Òǹkàwé, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Rárá o. Bí ẹsẹ̀ rélùwéè (táyà onírin rẹ̀), ìbáà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, bá ti yẹ̀ kúrò lójú irin, derailment nìyẹn, kódà kí ẹnikẹ́ni má fara pa. Derailment ni ti ọkọ̀ Abuja sí Kaduna ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2025. Ti ibùdókọ̀ PWD l'Ékòó ní oṣù kẹta, ọdún 2023, níbi tí rélùwéè ti gbá bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba, ìkọlù ni ìyẹn. Àwọn Faransé ló ni ọ̀rọ̀ náà, dérailler; ní nǹkan bí ọdún 1850 ni Gẹ̀ẹ́sì yá a lò.

Ohun tó ń fà á gan-an ló ṣe pàtàkì. Ẹsẹ̀ rélùwéè ní etí kan lápá inú, tó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 péré. Etí yẹn ni kì í jẹ́ kó yẹ̀. Ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tuntun, mìlímítà 1,435 ló wà láàárín irin méjèèjì. Ti àtijọ́ jẹ́ 1,067. Bí àwọn olè bá tú kílíìpù tó di irin mọ́ sílípà, ìyẹn igi tàbí kọnkéré tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin (ìwà ìkà gbáà ni!), irin á ṣí kúrò láyè rẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á sì já sáàárín.

Oòrùn náà ń ṣe tiẹ̀. Bí ooru bá fi 30 lé sí i lórí ìwọ̀n Celsius, irin tó gùn ní mítà 12 á fi nǹkan bíi mìlímítà 4 gùn sí i. Ẹ lè pè é ní kékeré, ṣùgbọ́n lórí kìlómítà kan, ó ń lọ sí sẹ̀ǹtímítà 35. Bí òkúta wẹ́wẹ́ tó yẹ kó há sílípà mọ́lẹ̀ bá ti dín kù, tàbí tí àgbàrá ti wọ́ ọ lọ, irin á wọ́ bí ejò. Eré àsápajúdé níbi kọ́nà náà ń fà á, àti ibi tí irin ti pínyà, bí ẹnu irin ibẹ̀ kò bá pa dé dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Àkúrẹ́ lọ wọ rélùwéè ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn, bí ẹ bá rí irin tó wọ́ tàbí tí kílíìpù rẹ̀ ti pòórá, ẹ má gun orí rẹ̀ lọ wò ó. Ẹ ka nọ́ńbà kìlómítà tó wà lára òpó tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, kí ẹ sì sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ lójú ẹsẹ̀.