Ẹ Má Kun Silver King Lọ́dà: Ìdáhùn Sáwọn Lẹ́tà Yín

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsọkùn, ní Iléṣà, ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Bàbá wa tó di olóògbé kàwé ní Ìlú Ọba láyé ọjọ́un. Wọ́n gbé àpótí kan bọ̀ wálé tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ẹ̀yìn ìsìnkú la tó ṣí i. Ẹ́ńjìnì rélùwéè kékeré kan la bá níbẹ̀, aláwọ̀ ewé, wọ́n kọ Silver King àti 60016 sí i lára, ó sì wúwo gan-an. Ọ̀dà rẹ̀ ti bó níbì kan. Àbúrò mi ní ká kùn ún kó lè máa dán. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká tà á fáwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin àlòkù. Ìyàwó mi ní ká gbé e fáwọn ọmọ kí wọ́n fi ṣeré. Kí la ó ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ọlọ́run yóò tu gbogbo ìdílé nínú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kùn ún, ẹ má tà á fọ́lọ́mọlanke, ẹ má sì gbé e fọ́mọ.

Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí aṣọ tó rọ̀, kí ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ẹ bá rí irin pẹlẹbẹ kékeré ní àárín gbùngbùn, láàárín ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì, Hornby Dublo ni, ti ojú ọ̀nà onírin mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ Meccano tí Frank Hornby dá sílẹ̀ ní Liverpool ló ṣe é. Ọdún 1938 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Dublo jáde. Nígbà náà, irin àárín ni iná ń gbà wọlé, ó sì ń gba irin ẹ̀gbẹ́ padà. Ó di 1959 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe onírin méjì bíi tòde òní. Èyí bá ìgbà tí àwọn bàbá wa ń lọ kàwé lọ́hùn-ún mu, wọ́n sì lè ti rà á ní tuntun. Ara rẹ̀ wúwo nítorí pé síǹkì ni wọ́n yọ́, tí wọ́n rọ sínú àwo.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Silver King gidi fún yín, torí ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀ yín nìyẹn. Doncaster ni wọ́n ti kọ́ ọ ní 1935. Nigel Gresley ló ya àwòrán rẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀: Silver Link, Quicksilver, Silver King àti Silver Fox. Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí ìtẹ́ lọ́dún náà, ni ilé iṣẹ́ rélùwéè LNER bá dá ọkọ̀ asáré kan sílẹ̀ láti London lọ sí Newcastle, wọ́n pè é ní Silver Jubilee, wọ́n sì kun àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àwọ̀ fàdákà tó fara pẹ́ eérú. Nọ́ńbà Silver King nígbà náà ni 2511. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ títí tí gbogbo wọn fi di 35, tí a ń pè ní A4. Ọ̀kan nínú wọn, Mallard, sáré dé máìlì 126 ní wákàtí kan ní ọjọ́ kẹta oṣù keje ọdún 1938. Títí di òní, kò sí ẹ́ńjìnì eléèédú kankan tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kọjá tirẹ̀.

Ẹ wá wo nọ́ńbà tó wà lára tiyín. Ní 1946, LNER tún nọ́ńbà gbogbo ẹ́ńjìnì rẹ̀ tò, 2511 sì di 16. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1948, ìjọba gba gbogbo àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè, wọ́n sọ wọ́n di ọ̀kan, wọ́n sì fi 60000 kún nọ́ńbà àwọn ẹ́ńjìnì LNER. Bí 16 ṣe di 60016 nìyẹn. Àwọ̀ ewé náà, àwọ̀ ìjọba ni. Ohun tó wà nínú àpótí bàbá yín ni Silver King bí ó ṣe rí gan-an lójú ọ̀nà nígbà tí àwọn fúnra wọn wà lọ́hùn-ún. Bí àbúrò yín bá lọ kùn ún ní fàdákà nítorí orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ìgbà kan ni yóò wà lára àwọ̀ ìgbà mìíràn, ẹ̀rí náà sì ti bàjẹ́. Kódà bó bá kùn ún láwọ̀ ewé, ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ní Liverpool kò sí mọ́ nìyẹn. Ibi tó bó yẹn, ẹ jẹ́ kó bó.

Nínú A4 35 yẹn, mẹ́fà péré ló ṣẹ́ kù láyé: mẹ́rin ní Ìlú Ọba, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Kánádà. Silver King kò sí nínú wọn. Wọ́n ti tú u palẹ̀, wọ́n ti yọ́ irin rẹ̀. Ẹ wá sọ fún ẹ̀gbọ́n wa pé ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n ta Silver King fún oní-irin-àlòkù ti tó.

Ní ti àwọn ọmọ, ọ̀dà ayé ìgbà yẹn lè ní òjé nínú, ọmọ a sì máa kó nǹkan sẹ́nu. Ìyàwó yín rò ó re. Ẹ bá wọn ra onírọ́bà tuntun.

Irin ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi bá lò ní yàrá iṣẹ́ ọwọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀ níbí, mo sì mọ ohun tí ojú ọjọ́ wa ń ṣe fún un. Irú síǹkì yìí ní àìsàn kan. Bí òjé díẹ̀ bá ti lù ú nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀ láti inú wá: á wú, á sán, á wá máa fọ́ wẹ́wẹ́. Kì í ṣe ìpatà, kò sì ní oògùn, ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin ló ń mú un yára. Nítorí náà, ẹ má gbé àpótí náà sókè àjà lábẹ́ páànù, ẹ má sì gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní àárín ilé ló dára. Ẹ kó àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi, irú èyí tí a ń bá nínú páálí bàtà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lásìkò òjò, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn. Ẹ má fi ọ̀rá dì í pinpin, omi yóò há sínú rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, búrọ́ọ̀ṣì àtíkè tó rọ̀ ni kí ẹ fi gbọn eruku rẹ̀ nù. Omi àti ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án. Páálí tó bá a wá ńkọ́? Bó bá wà, bó tilẹ̀ ti ya, ẹ tọ́jú rẹ̀. Àwọn tó ń kó nǹkan wọ̀nyí jọ ka páálí sí apá kan ẹ́ńjìnì náà, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ Mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ifẹ̀ níbí, Mọ̀ọ̀rè ni mò ń gbé. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ́ńjìnì Ìlú Ọba jọ, ṣùgbọ́n owó ò pọ̀. OO, HO, N, ewo ni kí n rà? Ṣé iná tiwa kò ní bà á jẹ́?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, orúkọ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dín ẹ́ńjìnì kù ni OO, HO àti N. OO ni kó o rà. Òun ló pọ̀ jù fún ẹ́ńjìnì Ìlú Ọba. Ohun tó bá gùn ní mítà 76 lójú ayé, mítà kan ni yóò jẹ́ nínú OO. Ti HO jẹ́ 87, ti N sì jẹ́ 148, èyí tó kéré débi pé ojú rẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ohun tí mo fẹ́ kó o rí. OO àti HO jọ ń rìn lórí irin kan náà, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16.5. Ìdí ni pé ẹ́ńjìnì Ìlú Ọba tẹ́ẹ́rẹ́ ju tàwọn ará Yúróòpù lọ, ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ kò gbà nínú ara wọn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é. Wọ́n bá mú ara ẹ́ńjìnì tóbi díẹ̀, wọ́n fi irin sílẹ̀ bó ṣe wà. Irin OO wá há ju bó ṣe yẹ lọ. Ó máa ń dun àwọn kan gan-an, kò dùn mí.

Ti iná, fọkàn balẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwọn náà ni tiwa, agbára iná wọn àti tiwa sì bára mu. Kọ́ńtúróólà, ẹ̀rọ tí a fi ń darí ẹ́ńjìnì náà, á dín agbára iná kù sí fólítì (volt) 12 kó tó dé ojú irin. Ṣáà yọ ọ́ kúrò lára iná bí NEPA bá ti mú un lọ, má dúró dìgbà tí wọ́n bá mú un dé.

Owó tí kò pọ̀ kì í ṣe wàhálà bí o bá ti yan ibì kan àti ìgbà kan. Láti 1923 sí òpin 1947, ilé iṣẹ́ ńlá mẹ́rin ló ń pín rélùwéè Ìlú Ọba: LMS, LNER, GWR àti Southern. Mú ọ̀kan. LNER ni tèmi, n kì í sì í ra ti ẹlòmíì bó ti wù kó pọ́n tó. Má lọ wá ńlá olówó pọ́ọ́kú. Ra kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe. Wo irin ìdìmú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bó bá jẹ́ wáyà tí wọ́n kì bọ ihò, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, oníṣẹ́ gidi ló ṣe é. Bó bá jẹ́ ìlà tó hù jáde lára rọ́bà, fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ bá nọ́ńbà rẹ̀ mu. Àpẹẹrẹ kan: látìgbà tí wọ́n ti kọ́ Mallard ló ti ní ihò èéfín méjì, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni Silver King ní títí di nǹkan bí 1957. Bí ẹnì kan bá wá ta Silver King aláwọ̀ fàdákà oníhò méjì fún ọ, ẹni tó ṣe é kò wo fọ́tò dáadáa.

Ìbéèrè: Modákẹ́kẹ́ ni mo wà. Òṣogbo la ti máa ń wọ rélùwéè nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Ọmọ ọmọ mi ní irin OO. Ṣé ẹ́ńjìnì Nàìjíríà lè rìn lórí rẹ̀?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú àgbà o. Ó lè rìn, ọ̀nà rẹ̀ sì dùn mọ́ mi nínú. Ojú irin tó gba Òṣogbo kọjá fẹ̀ ní mìlímítà 1067. Ti Ìlú Ọba jẹ́ 1435, bíi ti ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021. Bí ẹ bá pín 1067 sí ọ̀nà 64, 16.5 àti díẹ̀ ni yóò fún yín. Ìyẹn ni pé tí ẹnì kan bá ṣe ẹ́ńjìnì ilẹ̀ wa ní ìwọ̀n 64 dípò 76, irin tó wà lọ́wọ́ ọmọ ọmọ yín ló yẹ ẹ́ gẹ́lẹ́. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn ará Gúúsù Áfíríkà àti New Zealand ń gbà, torí 1067 ni tiwọn pẹ̀lú.

Èyí tí ì bá wù mí kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni àwọn River, tí wọ́n fi orúkọ odò ilẹ̀ wa pè: ẹsẹ̀ kékeré méjì níwájú, ńlá mẹ́jọ láàárín, kékeré méjì lẹ́yìn. Ní 1948 ni ilé iṣẹ́ Vulcan Foundry, ní Newton-le-Willows ní Ìlú Ọba, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ránṣẹ́ sí wa. Ọmọ ọmọ yín á fọwọ́ ṣe é ni, kì í ṣe ohun tí à ń rà nínú páálí. Àwòrán àtijọ́ wà ní Jaekel House, nínú àgbàlá rélùwéè Ẹbúté Mẹ́ta, ṣùgbọ́n fọ́tò dúdú-òun-funfun kì í sọ àwọ̀. Bàbá, àwọ̀ wo ni ara rẹ̀, ibo ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí, kí ni wọ́n kùn sí iwájú rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ gbogbo èyí tí ẹ bá rántí ránṣẹ́ sí mi, n ó tẹ̀ ẹ́ jáde níbí.