Tí AccurateRip bá kọ̀ láti gba orin kan ṣoṣo nínú CD

Ẹ ní EAC (ètò kọ̀ǹpútà tó ń da orin CD sínú fáìlì) fa orin 12 jáde nínú CD yín, AccurateRip (àkójọ orí ayélujára tó ń fi orin tí ẹ fà jáde wé ti àwọn ẹlòmíì) gba 11, ó kọ̀ láti gba ìkẹsàn-án. Ẹ má tíì da CD náà nù. Tí 11 bá ti bá ti àwọn ẹlòmíì mu, offset dráìfù yín (ìwọ̀n tí kíkà rẹ̀ fi ń ṣíwájú tàbí fi ń lọ sẹ́yìn) pé nìyẹn; ojú CD gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Àárín ni CD ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ wá orin ìkẹsàn-án ní ìhà tó sún mọ́ etí. Ìlà tó yí po bíi òrùka ló burú jù, torí ó ń jẹ dátà lọ gbọọrọ. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ẹ̀kán ọṣẹ ìfọwo kan fọ̀ ọ́, kí ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún láti àárín tààrà sí etí. Ẹ má nù ún yípo o!

Nínú EAC, ẹ wá lo secure mode (ó ń ka ibì kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti rí àṣìṣe), ẹ pa C2, ìyẹn ìròyìn àṣìṣe tí dráìfù fúnra rẹ̀ ń ṣe (irọ́ ni ọ̀pọ̀ dráìfù ń pa níbẹ̀), kí ẹ ṣe Test & Copy (kíkà á lẹ́ẹ̀mejì láti fi wéra) fún orin yẹn nìkan. Tí CRC (nọ́mbà tí a fi ń wé kíkà kan mọ́ òmíràn) méjèèjì bá yàtọ̀ síra, dráìfù ṣì ń méfò. Tí wọ́n bá dọ́gba tí AccurateRip ṣì kọ̀, àṣìṣe kan náà ló ń tún ṣe: ẹ gbé CD sínú dráìfù mìíràn.

Tó bá ṣì kọ̀, ẹ gbé fáìlì gbogbo orin àwo náà, kì í ṣe ti orin kan, sínú CUETools (ètò kọ̀ǹpútà mìíràn), kí ẹ yan Repair. Tí CTDB (àkójọ orí ayélujára ti CUETools) bá ní dátà ìtúnṣe fún un, tí ìbàjẹ́ náà kò sì pọ̀ jù, á tún un ṣe láìfọwọ́ kan CD mọ́.