Àmì Abẹ́ Lẹ́tà, àti Ohun tí Àwòrán Kan Fi Ojú Mi Rí

Àbúrò mi, o béèrè bóyá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà lè máa kọ ìtàn aláwòrán mọ́ ọn, o sì sọ pé àìrí àyè ló ń bà ọ́ lẹ́rù. Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń ṣe méjèèjì pọ̀ láti ilé mi ní Ìkòròdú, ohun tí ojú mi sì rí ni pé àyè kọ́ ló máa kọ́kọ́ dá ọ lóró. Àṣírí ibi iṣẹ́ ni.

Ní ọdún 2018, mo ń kọ ìtàn akápò ilé ìwé kan tí gbájúẹ̀ fi ímeèlì ayédèrú gba pásíwọọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀. Ayàwòrán tí a jọ ń ṣe é, tó ń gbé ní Sábó, ní òun kò mọ bí ojú kọ̀ǹpútà tí à ń ṣọ́ lóru ṣe rí, pé kí n júwe rẹ̀ fún òun. Ọ̀lẹ mú mi. Mo yọ fóònù, mo ya ojú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi níbi iṣẹ́, mo sì fi ránṣẹ́ sí i. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ: ó ya àdírẹ́sì ẹ̀rọ (nọ́ńbà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń dá ara wọn mọ̀) tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, ó ya orúkọ tí obìnrin kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó fi ń wọlé, ó sì ya ìlà pupa tó fi hàn pé ẹnìkan ti gbìyànjú pásíwọọ̀dù obìnrin náà nígbà mẹ́rìnlá. Gbogbo rẹ̀ kò tóbi ju èékánná lọ nínú àpótí kẹta ní ojú ewé kejì, èmi gan-an kò sì rí i nígbà tí mo ń yẹ iṣẹ́ náà wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo kọ ni mo ń kà, n kò wo àwòrán.

A gbé e jáde lọ́jọ́ Sátidé. Kí n tó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá mi ti fẹ àpótí yẹn lójú, ó ti tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ó sì ti gbé e sórí tábìlì mi pẹ̀lú ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún láti máa kìlọ̀ fáwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n má ṣe ya ojú kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́! Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì láìgba owó. Obìnrin tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ kò bú mi, ṣùgbọ́n kò tún bá mi jẹun ọ̀sán pọ̀ mọ́. Òfin ìdáàbòbò détà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 kò tíì sí nígbà náà; ká ní ó ti wà ni, n kò rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ì bá fi mọ.

Láti ìgbà náà, bírò ni mo fi ń ya ojú kọ̀ǹpútà èké fún ayàwòrán. Bí mo bá nílò àdírẹ́sì ẹ̀rọ, mo máa ń mú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.0.2, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ nìkan, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ̀lẹ̀ ibi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pé ọdún méjì lọ́wọ́ mi kí n tó fọwọ́ kàn án, báńkì á sì di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọkùnrin á di obìnrin. Ohun tí mo máa ń fi sílẹ̀ bó ṣe wà ni ìtìjú ẹni tó ti tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀, tó wá jókòó fún wákàtí mẹ́ta kó tó lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí o tó kọ ojú ewé kìíní, ka ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ dáadáa, kí o mọ̀ bóyá ìwọ ló ni ohun tí o bá dá sílẹ̀ tàbí àwọn, má sì ṣe tẹ ìtàn rẹ sórí kọ̀ǹpútà wọn láé.

Ní ti àyè, inú ọkọ̀ BRT ni mo ti ń kọ̀wé, lórí ìdúró nígbà mìíràn, nítorí pé iná kò ṣeé gbọ́kàn lé nílé (àwa tí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Egbin, tí wọ́n kọ́ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, wà lẹ́yìnkùlé wa). Nígbà tí Log4Shell, àléébù tó ń jẹ́ kí olè wọ inú ẹ̀rọ láti òkèèrè, jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, èyí tí wọ́n fún ní 10 nínú 10 lórí ìwọ̀n ewu, òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti ẹ̀rọ. Ayàwòrán mi dúró títí, ó gba iṣẹ́ ẹlòmíràn, n kò sì lè bá a wí. Apá mẹ́ta ni mo máa ń kọ sílẹ̀ de ọjọ́ bẹ́ẹ̀ báyìí.

Ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti pàdé jẹ́ ibi tí n kò ronú kàn. Lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè. Èyí tó ní àmì lábẹ́ ni kọ̀ǹpútà mọ̀, a ó wá gbé àmì ohùn lé e lórí lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ìtàn aláwòrán kò lè ṣe èyí, àmì ohùn á sì fò lọ sórí lẹ́tà kejì. Òru mẹ́ta ni mo fi wá èyí tó lè kọ “ọ̀rẹ́” bó ṣe yẹ. Níbi tí mo ti ń bá àmì abẹ́ lẹ́tà jà ni mo ti rántí pé àmì yẹn náà ni àwọn gbájúẹ̀ ń lò: wọ́n á forúkọ àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù tó jọ ti báńkì sílẹ̀, wọ́n á fi ọ rọ́pò o, ẹni tó ń wò ó á sì rò pé ìdọ̀tí ló wà lójú fóònù òun.

Mo sọ ọ́ di àpótí mẹ́rin. Ìyá ẹlẹ́ja kan ní Èbúté gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé wọ́n ti ti àkáǹtì òun pa, ó gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó rí àmì kékeré náà nínú àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n fi sí i, nígbà tí gbájúẹ̀ náà sì pè é, ó bi í pé: “Ìgbà wo ni báńkì yín di ọmọ Yorùbá?” Ọ̀gá mi tó fún mi ní ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ ló wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi láti fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, ó sì fẹ àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbà á.